Ẹ sọ bó ṣe rí àti iṣẹ́ tó ń ṣe

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Epe ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mò ń tún ṣe, torí ojú ewé tẹ́ ẹ fi ń kọ nípa ẹ̀rọ ni mo ṣe ń ra ìwé ìròyìn yín. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ nǹkan, ẹ sọ bó ṣe rí, ẹ sọ ibi tó wà, ẹ sì sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, torí orúkọ nìkan ò lè ran apẹja tó wà lórí ọ̀sà lọ́wọ́.

Ẹ wo primer bulb. Tẹ́ ẹ bá kàn ní ká fún un, tẹ́ ẹ sì kọjá lọ, ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nìkan lẹ bá sọ̀rọ̀. Àmọ́ ká ní ẹ kọ ọ́ pé rọ́bà kan wà lára họ́ọ̀sì tó ń gbé epo látinú táǹkì lọ sínú ẹ́ńjìnnì, ó wú bí ẹyin, ó kún ọwọ́, wọ́n ya ọfà sí i lára, ẹ́ńjìnnì ni ọfà yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sí, tẹ́ ẹ bá ń fún un epo á máa lọ síwájú, tó bá ti le lọ́wọ́ yín, epo ti dé nìyẹn, ẹ lè fa ẹ́ńjìnnì. Tẹ́ ẹ bá fún un fún un tí kò le, epo ti tán ni àbí afẹ́fẹ́ ń wọlé níbì kan. Ẹni tí ò rí i rí máa bá a nínú ọkọ̀ ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kò tó kẹ́ ẹ sọ ìrísí kẹ́ ẹ gbàgbé iṣẹ́. Okùn pupa tó máa ń wà lára ẹ́ńjìnnì, gbogbo èèyàn ló ń rí i, ọ̀pọ̀ sì ń fi í sílẹ̀ síbẹ̀ láìso ó mọ́ra, torí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ọwọ́ awakọ̀ ló yẹ kí orí kejì wà, tó bá ṣubú sómi okùn á já kúrò lẹ́nu bọ́tìnnì, ẹ́ńjìnnì á sì kú lójú ẹsẹ̀, kí ọkọ̀ má bàa sá lọ tàbí kó yí padà wá fi abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ tó ń yí nínú omi gé e. Ẹ̀mí èèyàn lọ̀rọ̀ yìí o!

Omi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ni, tó bá dáwọ́ dúró ẹ pa ẹ́ńjìnnì kíá, ẹ wo ibi tó ti ń fa omi nísàlẹ̀, bóyá ọ̀rá tàbí koríko ojú omi ló dí i.

Àwòrán tẹ́ ẹ máa ń fi sí i dáa, àmọ́ dúdú àti funfun ni, kò lè fi okùn pupa hàn, kò sì lè sọ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe. Kẹ́ ẹ tó tẹ èyí tó ń bọ̀, ẹ fún awakọ̀ ojú omi kan tó wà ní jẹ́tì kó kà á, kó sì fọwọ́ kan ohun tẹ́ ẹ júwe lára ẹ́ńjìnnì ẹ̀. Tí kò bá rí i, ẹ tún un kọ.

Èmi ni tiyín,
mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi, Epe.