Ẹ fi owó gidi kọ́ wọn

Olóòtú wa,

Ẹ bá mi bá àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ láti fi iye owó wéra. Kó ẹyọ owó márùn-ún síwájú ọmọ kékeré, kí o fi owó bébà kan tí iye rẹ̀ ju àpapọ̀ tiwọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò nawọ́ sí ẹyọ márùn-ún náà. Iye ẹyọ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe iye owó. Ìtóbi náà ń tàn wọ́n jẹ: ní Amẹ́ríkà, ẹyọ sẹ́ǹtì 10 kéré ju ti sẹ́ǹtì 5 lọ! Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ro àpapọ̀ owó tó wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó to àwọn ìdì náà láti èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Ẹ jọ̀ọ́, àwòrán owó inú ìwé nìkan kò tó.

Èmi ni tiyín,
Òbí kan