Mo Ti Wa Prelude

Houston, Texas,
Ọjọ́ 8, oṣù kejì, ọdún 2026.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ara Màmá ti ń le dáadáa báyìí? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ìyá Mọ́rẹ̀ ní kí n kí yín, kí n sì sọ fún ìyàwó rẹ pé èlùbọ́ tó fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ wa láìtú, àti pé àmàlà rẹ̀ dúdú bó ṣe yẹ kó dúdú.

Mo mọ̀ pé ohùn mi lo máa ń retí lórí WhatsApp. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí gùn, mi ò sì fẹ́ kó o máa gbọ́ ọ ní ìdákúrekú láàárín oníbàárà méjì. Fọ ọ́ìlì ọwọ́ rẹ kúrò, jókòó sórí àga rẹ tó wà nídìí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn, kó o kà á. Lánàá, ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo wa Honda Prelude.

Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi gan-an ni mo jókòó sídìí sítíárìn.

Mi ò rò pé o lè gbàgbé èyí tó pupa tí dókítà yẹn máa ń gbé wá sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ ní Mọ́lété. Ọdún 1990 ni. Mo wà ní kíláàsì kẹrin, ìwọ sì ti lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì. Tí wọ́n bá ti lu aago ìjáde báyìí, mi ò kì í ya ilé, ọ̀dọ̀ yín ni mo máa ń gbà lọ. Ọjọ́ tó o kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì iná rẹ̀, tí iná iwájú méjèèjì dìde láti inú bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ojú ọ̀pọ̀lọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, àwa méjèèjì la jọ pariwo. Ọ̀gá yọrí lábẹ́ ọkọ̀ tó ń tún ṣe lọ́wọ́, ó ní ta ló ń fi mọ́tò oníbàárà ṣeré.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni mi ò lè gbàgbé láéláé. Ọ̀gá ló sọ fún wa pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ọkọ̀ yẹn fi ń yí kọ́nà. O ò gbà. O ní irọ́ ni, pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́tò kì í yà. O ní kí n wọlé kí n máa yí sítíárìn, ìwọ sì dojú bolẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀, o fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan lélẹ̀, o ń wo abẹ́ ọkọ̀. Mo yí i díẹ̀, o dákẹ́. Mo wá fi gbogbo agbára yí i dé òpin, ni mo bá gbọ́ ohùn rẹ nílẹ̀: "Ó ń yà! Ó tún ti yà sí òdì kejì!" Nígbà tó o dìde, ọ́ìlì àti yẹ̀pẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ látòkè délẹ̀, o ò tiẹ̀ nù ún. Ọdún 1987 ni Honda fi nǹkan yẹn sínú Prelude. Irin ni wọ́n fi so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Tó o bá yí sítíárìn díẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á bá ti iwájú lọ. Tó o bá yí i púpọ̀, á padà yà sódì kejì. Ọdún pípẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo tó kà nípa rẹ̀, ìwọ sì ti fi ojú ara rẹ rí i.

Ọdún 2001 ni wọ́n dáwọ́ ṣíṣe Prelude dúró. Nígbà tí wọ́n ṣàfihàn tuntun ní Tokyo lọ́dún 2023, tí mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, o ní wọ́n kàn ń fi tàn wá ni, wọn ò ní ṣe é. Wọ́n ti ṣe é o. Ìparí ọdún tó kọjá ló dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì jẹ́ méjì, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì lọ sílẹ̀ dáadáa. Iná tó ń dìde yẹn ti lọ. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò yà mọ́. Hybrid ni, ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná bátìrì pọ̀.

Mo mọ̀ pé ojú rẹ á ti fà ro níbi tó o ti ka ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí hybrid tòkunbọ̀ méjì tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ lóṣù tó kọjá. Jẹ́ kí n ṣàlàyé bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́. Wo ilé rẹ lọ́hùn-ún: o ní jẹnẹrétọ̀, o ní bátìrì, o ní ìnfátà. Jẹnẹrétọ̀ kọ́ ló ń fi ọwọ́ yí fáànù, iná tó ń mú jáde ni fáànù ń lò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ẹ́ńjìnnì 2.0 tó ń mu bẹntiróòlù, písítìnnì mẹ́rin, wà níwájú, dínámò ńlá méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ń gba agbára ẹ́ńjìnnì, ó ń sọ ọ́ di iná. Èkejì ló ń yí táyà iwájú. Nínú ìlú, ẹ́ńjìnnì lè má dún rárá fún ìgbà díẹ̀. Tó o bá bọ́ sí ojú ọ̀nà márosẹ̀ tí ìrìn ti dọ́gba, kílọ́ọ̀ṣì kan á so ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà tààrà, torí ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ láìfi epo ṣòfò. Kò sí gíábọ́ọ̀sì nínú rẹ̀. Mo ní kò sí. Gbogbo agbára rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ họ́ọ̀sì páwà 200.

Ilé ìtajà ọkọ̀ kan lẹ́bàá Katy Freeway ni mo ti rí i, pupa bíi ti dókítà. Ọmọkùnrin tó ń tajà gba láísẹ́ǹsì mi, ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó fẹ́ máa ka gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó gbà. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni.

Àga awakọ̀ gbá mi mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí ọ̀já ṣe ń gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ti ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe tirẹ̀ kó rọ̀ jù ú lọ ni. Mo tẹ bọ́tìnnì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo tẹ iná díẹ̀, ọkọ̀ gbéra. Òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ táyà nìkan ni mo ń gbọ́. Fún ẹni tó dàgbà sáàárín ariwo sàlẹ́ńsà bíi tiwa, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn wọ̀ mí lára débi pé mo gbàgbé láti sọ̀rọ̀.

Tó o bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, wàá mọ̀ pé nǹkan kan ń fà á sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Dínámò tó ń yí táyà ti padà di jẹnẹrétọ̀ nìyẹn, ó ń kó agbára ìrìn padà sínú bátìrì. Ó dùn mí pé ilẹ̀ Houston tẹ́jú pẹrẹsẹ. Òkè Màpó ni ǹ bá gbé e lọ, kí n gùn ún, kí n wá máa rọra sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà Bẹẹrẹ, kí n máa wo bí bátìrì ṣe ń kún. Rò ó wò, gbogbo bíréèkì páàdì tí àwọn onítakisí Micra ń jó dànù lórí òkè yẹn lójoojúmọ́, ooru lásán ló ń dà. Ọkọ̀ yìí ń sọ ọ́ di ìrìn padà.

Nígbà tá a wọ I-10, mo yí i sí Sport, mo tẹ bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ S+ sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ́ńjìnnì jí. Aago tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì yọ síwájú mi. Ọ̀pá pẹlẹbẹ méjì wà lẹ́yìn sítíárìn, ọ̀tún àti òsì. Mo tẹ iná, ohùn ń gòkè, mo fa ti ọ̀tún: ohùn já wálẹ̀, agbára ọkọ̀ rọ̀ díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá bí ìgbà tẹ́nìkan tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó tún tì mí lẹ́yìn. Mo fa ti òsì, ẹ́ńjìnnì hó lẹ́ẹ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìwọ ṣe máa ń fi gìgísẹ̀ kan iná tó o bá fẹ́ bọ́ sí jíà kejì lójijì. Jíà mẹ́jọ ló ń kà. Bẹ́ẹ̀ kò sí jíà nínú ọkọ̀ náà. Kọ̀ǹpútà ló ń gbé ẹ́ńjìnnì sókè, tó ń rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, tó ń dín agbára dínámò kù díẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ lè mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n tún ń ti inú sípíkà fi ìró kún un.

Ọwọ́ mi gbà á, ẹ̀yìn mi sì gbà á. Etí mi ni kò tíì gbà. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà láti àná. Ohun tí ọkọ̀ dókítà ń ṣe, èèyàn lè dojú bolẹ̀ kó sì rí i. Ti èyí, kódà tó o bá dojú bolẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, o ò ní rí jíà kankan. Síbẹ̀ ẹnu mi kò gbà á láti pè é ní irọ́, nítorí ẹ́ńjìnnì náà ń yí lóòótọ́, ohùn rẹ̀ ń gòkè lóòótọ́, inú mi sì dùn lóòótọ́. Mo rẹ́rìn-ín sókè débi pé ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà rẹ́rìn-ín.

Èyí tí mi ò ṣiyèméjì nípa rẹ̀ ni abẹ́ ọkọ̀ náà. Irin tó gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ dúró àti bíréèkì Brembo tó wà níbẹ̀, láti ara Civic Type R ni wọ́n ti mú wọn, ìwọ náà sì mọ bí Honda yẹn ṣe ń sáré tó. Níbi tá a ti fẹ́ yà jáde ní Highway 6, ọ̀nà náà ká bí ìwo àgbò. Mi ò dín eré kù tó bó ṣe yẹ. Ọkọ̀ náà kò fì, kò sì yọ̀. Ó mú ilẹ̀, ó yí, ó nà tàntàn. Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ń le, ó sì ń rọ̀ fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà bá ṣe rí, tó fi jẹ́ pé nígbà tá a gun orí ibi tí kọ́ńkéré ti là, inú àga nìkan ni mo ti mọ̀. Ìwọ ni mo rántí níbẹ̀. Mo fẹ́ kó o wà lábẹ́ ọkọ̀ yẹn kó o máa ròyìn ohun tó ń ṣe fún mi.

Ẹ̀yìn rẹ̀ há. Ọmọdé méjì ló lè jókòó síbẹ̀ kí ara tù wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni iye rẹ̀: $42,000, kí wọ́n tó fi $1,195 owó ìgbéwá lé e, ilé ìtajà yẹn wá fi $3,000 tiwọn lé orí rẹ̀ nítorí pé ọkọ̀ náà ṣọ̀wọ́n. Ní iye yẹn, àwọn ọkọ̀ tó yára jù ú lọ wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n èyí ń fi epo gálọ́ọ̀nù kan rin máìlì 44. Bí ìgbà tí lítà kan bá gbé ọ rin nǹkan bíi kìlómítà 19 ni. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo.

Èyí ló mú mi padà sórí àwọn hybrid tó ń wọlé sọ́dọ̀ rẹ. Jọ̀ọ́, sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ: wáyà aláwọ̀ ọsàn yẹn, iná inú rẹ̀ lè pa èèyàn. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án àyàfi tí wọ́n bá ti pa ọkọ̀, tí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà, tí wọ́n tú bátìrì kékeré, tí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì ààbò ara bátìrì ńlá, tí wọ́n sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán. Ìbọ̀wọ́ tí ríwáyà ń wọ̀ lójoojúmọ́ kò tó. Mo ti ra méjì irú èyí tí wọ́n ṣe fún iná ńlá, wọ́n wà nínú àpótí tí Mọ́rẹ̀ ń gbé bọ̀ lásìkò Àjíǹde. Kí ìwọ náà wọ̀ ọ́ o. Ojú rẹ ni mo fẹ́ padà wá rí.

Mi ò tíì rà á. Ìyá Mọ́rẹ̀ kò sọ pé rárá, ó kàn béèrè pé ta ni yóò máa jókòó sẹ́yìn. Àwọn ọmọ ti lọ yunifásítì, mo sì ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ fún ọdún méjìdínlógún. Mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò ní san $3,000 yẹn, màá dúró de ẹni tí kò ní fi kún un.

Nǹkan kan ṣì kù. Mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù nígbà tí mò ń sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀nà márosẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú àáyá ogójì lọ. Alẹ́ òní ni màá fi ránṣẹ́. Nígbà tá a wà ní Mọ́lété, o máa ń dijú, wàá sì sọ jíà tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wà kó tó yọ ní kọ́nà, o ò sì í ṣì í. Dijú gbọ́ èyí. Gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, kó o wá sọ jíà tó o gbọ́ fún mi, kó o sì sọ bóyá etí tìrẹ gbà á.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bàbá Mọ́rẹ̀.