Láti ọjọ́ Ajé ni Mísà ọjọ́ Àìkú ti ń bẹ̀rẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àwa tí a kọ lẹ́tà yìí wà lára àwọn tí ń ka Ìwé Mímọ́ ní Mísà Yorùbá nílùú Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, a sì ń bá àwọn katikíìsì, ìyẹn àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ṣiṣẹ́ ní àwọn abúlé tó yí ìlú ká. Ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn bí Mísà bá parí ni pé Mísà ti gùn jù, pé ìwàásù pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wòlíì sọ nínú kíkà kìíní, wọn ò ní lè sọ ọ́. Lójú tiwa, gígùn Mísà kọ́ ló fà á. A kì í múra sílẹ̀ de Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Ìgbà tí akọrin bá ń parí Glóríà ni ẹni tó máa kàwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ojú ìwé, àwa tí a jókòó náà kò sì mọ ohun tó ń bọ̀.

Ní Mísà àárọ̀, ọ̀pọ̀ ìyá àgbà àti bàbá àgbà tó máa ń jókòó níwájú ni kò kàwé. Etí ni wọ́n fi ń ka Bíbélì. Bí òǹkàwé bá fo ẹsẹ kan, tàbí tó ká ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu, kò sí ibi tí wọ́n ti máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n á sì dúró kí kíkà náà tó tún yí dé ọjọ́ Àìkú, torí bí ètò ṣe rí nìyẹn láti 1969, lẹ́yìn tí Àpéjọ Ńlá Fátíkánì Kejì, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì gbogbo ayé, ti ní kí a ṣí ìṣúra Bíbélì sílẹ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọdún A ni ti Ìhìnrere Mátíù, B ti Máàkù, C ti Lúùkù. Jòhánù ń wọlé ní Lẹ́ńtì àti ní àsìkò Àjíǹde, ó sì ń gba ọjọ́ Àìkú márùn-ún nínú ọdún B fún orí 6 rẹ̀, èyí tó sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ ìyè. Ọdún A la wà ní 2026 yìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ti ọdún mìíràn, kó fi 3 pín nọ́ńbà ọdún náà: èyí tó bá pín láìṣẹ́kù, bíi 2025, ọdún C ni.

Bí èèyàn bá fẹ́ múra sílẹ̀, Ìhìnrere ni kó kọ́kọ́ kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń kẹ́yìn ní Mísà. Ìdí ni pé, ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ Àìkú, Ìhìnrere ni wọ́n wò kí wọ́n tó mú kíkà kìíní láti inú Májẹ̀mú Láéláé. Sáàmù sì ń dá kíkà kìíní lóhùn. Kíkà kejì sábà máa ń bá tirẹ̀ lọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ nínú lẹ́tà àpọ́sítélì kan náà, ẹ má ṣe fi agbára so ó mọ́ àwọn yòókù. Ẹ wo ọjọ́ Àìkú kẹẹ̀ẹ́dógún ní àsìkò lásán ọdún ìjọ, ìyẹn àsìkò tí kì í ṣe ti àjọ̀dún tàbí Lẹ́ńtì, tó bọ́ sí 12 Oṣù Keje ọdún yìí. Ìhìnrere ni òwe afúnrúgbìn, Mátíù 13. Kíkà kìíní, Àìsáyà 55:10-11, sọ pé bí òjò ṣe ń rọ̀ tí kì í padà sókè láìmú ilẹ̀ rin, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu Ọlọ́run jáde rí. Sáàmù náà tún yin Ọlọ́run tó bomi rin ilẹ̀. Ẹni tó bá ti rí okùn tó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti ọjọ́ Ajé kò ní ka Àìsáyà bí ẹni ń ka ìkéde. Ẹsẹ méjì péré ni. Òǹkàwé tó ń kánjú á ti parí rẹ̀ kí àwọn èèyàn tó fìdí jókòó tán.

Ibi tí àṣìṣe ti ń pọ̀ jù nìyí, a sì fẹ́ kí àwọn ará Pobẹ̀, Sàkété àti Sábẹ̀ náà fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ìwé pélébé elédè Faransé, tàbí ti orí fóònù, la fi ń mọ kíkà tọ̀sẹ̀. Bíbélì Yorùbá tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé, èyí tó ti ọwọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, kò ka orí àti ẹsẹ bákan náà. Sáàmù ló kọ́kọ́ ń dani rú. Ìwé Mísà ń tẹ̀lé ìkà Bíbélì èdè Gíríìkì àtijọ́, tó so Sáàmù 9 àti 10 pọ̀ mọ́ra, nítorí náà láti ibẹ̀ lọ títí dé ìparí ìwé kù díẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ máa ń fi ọ̀kan dín sí tiwa. “Olúwa ni Olùṣọ́-àgùntàn mi” jẹ́ 22 níbẹ̀, 23 nínú Bíbélì wa. Ẹsẹ náà tún lè yàtọ̀, torí wọ́n máa ń ka àkọlé Sáàmù mọ́ ẹsẹ. Sáàmù ọjọ́ afúnrúgbìn yẹn, 64 láti ẹsẹ 10 dé 14 ni ìwé Faransé ń pè é. Ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá sí 65, ẹsẹ 9 dé 13.

Àwọn wòlíì náà ní tiwọn. Ní òru Kérésìmesì lọ́dọọdún, Àìsáyà 9:1-6 ni wọ́n máa ń kọ. Ẹni tó bá ṣí Bíbélì Yorùbá síbẹ̀ láìwo nǹkan kan á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ tí kò sí nínú kíkà, á sì dúró kó tó dé ẹsẹ tó sọ pé ìjọba ọmọ náà kò ní lópin. 9:2-7 ló yẹ kó kà. Ní ọjọ́ Àìkú kẹta àsìkò lásán ní ọdún A, Àìsáyà 8:23 ni wọ́n kọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ 22 ni orí 8 parí sí nínú Bíbélì wa. Orí 9, ẹsẹ 1 dé 4, ni kí ẹ lọ. Ọjọ́ yẹn gan-an sì ni Póòpù Francis yà sọ́tọ̀ ní 2019 gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ Àìkú Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run! Jóẹ́lì 3:1-5 ti ìṣọ́-òru Pẹ́ńtíkọ́sì jẹ́ 2:28-32 lọ́dọ̀ wa. Málákì 3:19-20 jẹ́ 4:1-2.

Àwọn ìwé kan kò tilẹ̀ sí nínú Bíbélì àtijọ́ yẹn rárá: Tóbítì, Ọgbọ́n, Síírákì, Bárúkù, Mákábì. Ọdún yìí, Ọgbọ́n 12 ni kíkà kìíní ní 19 Oṣù Keje, Síírákì 27 àti 28 ní 13 Oṣù Kẹsàn-án, Ọgbọ́n 6 ní 8 Oṣù Kọkànlá. Bí a kò bá rí i, ẹnìkan á dìde, á máa túmọ̀ ti Faransé lórí ìdúró. A bẹ̀bẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó dópin. Kò sí ẹni tó mọ èdè méjèèjì tó tó bẹ́ẹ̀ tí gbólóhùn gígùn kò ní já mọ́ ọn lẹ́nu. Kí ẹni méjì jókòó túmọ̀ rẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú, kí àlùfáà yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan tí ìjọ á máa tọ́jú. Ọdún mẹ́ta sí i, ó ti wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ álífábẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀. Àwọn tó kọ́ ìwé kíkà ní èdè wa ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ mọ ɛ, ɔ, kp àti sh. Bíbélì wa ń kọ ẹ, ọ, p àti ṣ. Ẹni tó bá ti ilé ẹ̀kọ́ Faransé wá á rí p, á pè é bíi ti Faransé, á rí ṣ, á pè é ní s. Kí àwọn tó ń kọ́ òǹkàwé fi ọ̀sẹ̀ kan tán ọ̀rọ̀ yìí pátápátá. Bí ìwé náà kò bá sì ní àmì ohùn, kí òǹkàwé fi pẹ́ńsù kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ nílé: nínú Àìsáyà 2, ọ̀kọ̀ ogun ni wọ́n fi ń rọ dòjé, kì í ṣe ọkọ̀ tí Símónì fi ń pẹja.

Bí òǹkàwé ṣe lè múra kò le. Kó ka ibi tó kángun sí i ní ìṣáájú àti ní ìparí nínú Bíbélì, kó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Kó ka kíkà náà sókè, kì í ṣe ní ìdákẹ́, lẹ́ẹ̀kan lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kó fa ìlà kan níbi tó ti máa mí díẹ̀, ìlà méjì níbi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kó má ka ohun tí wọ́n fi pupa tẹ̀, kó má sọ “kíkà kìíní”, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Kíkà láti inú ìwé wòlíì Àìsáyà.” Bí ó bá parí, kó dákẹ́ fún èémí méjì kó tó sọ “Ọ̀rọ̀ Olúwa”, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, etí á gbọ́ ọ bí ẹni pé ó wà lára gbólóhùn wòlíì. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kó dán an wò nínú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú máíkì gan-an, ìbú ọwọ́ kan sí ẹnu. Bí ó bá sún mọ́ ọn jù, èémí á bo ọ̀rọ̀. Kó tún dán an wò láìsí máíkì, torí iná lè lọ nígbàkigbà. Kí ẹni kejì náà ti múra, bóyá òtútù mú ẹni kìíní lọ́rùn.

Ẹ̀yin akọrin, ẹ má bínú sí wa. Sáàmù kì í ṣe àyè tí a fi ń kọ orin ìyìn èyíkéyìí tí a mọ̀. Kíkà Ìwé Mímọ́ ni, ibi tí a ti ń ka ìyókù ló sì yẹ kí olórin rẹ̀ dúró sí. A mọ ìdí tí ẹ fi ń pààrọ̀ rẹ̀: alẹ́ ọjọ́ Ẹtì lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i, kò sì sí àkókò láti kọ́ orin tuntun. Kí ìjọ ní ohùn orin mẹ́rin tàbí márùn-ún tó rọrùn, tí gbogbo èèyàn mọ̀, kí ẹ máa fi ègbè ọ̀sẹ̀ náà sí èyí tó bá a mu. Ibi tí iṣẹ́ wà ni pé Yorùbá kì í gba kí a fi ipá ki ọ̀rọ̀ bọ inú orin tí a ti ṣe fún Faransé. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, ègbè á di ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ìjọ. Ẹ kọ́kọ́ sọ ègbè náà lẹ́nu lásán, kí onílù fi gángan sọ ọ́, kí ẹ tó wá kọ ọ́ lórin.

Ìlànà Mísà fúnra rẹ̀ fẹ́ kí a dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn kíkà kìíní, lẹ́yìn kíkà kejì, àti lẹ́yìn ìwàásù. Lọ́dọ̀ wa, àsìkò yẹn ni wọ́n ń fa okùn ìlù. Kí olórí akọrin ka ọgbọ̀n nínú ọkàn kó tó ṣẹ́wọ́ sí onílù, ó tó. Ti gígùn ìwàásù kọ́ la wá sọ. Póòpù Francis ti sọ tirẹ̀ ní Oṣù Kẹfà 2024, ó ní kó má kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Ìpàdé àárín ọ̀sẹ̀ ló kù, òun la sì kà sí jù. Èèyàn mẹ́fà sí mẹ́wàá, nínú ilé ẹnìkan, wákàtí kan, lálẹ́ tí kò bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Ìhìnrere ọjọ́ Àìkú nìkan ni kí ẹ kà. Ẹnìkan kà á, ẹlòmíràn tún un kà, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kí oníkálùkù sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tàbí gbólóhùn kúkúrú tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn, láìṣàlàyé. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ìgbà yìí ni kí ẹ wá sọ ohun tí ó ń bá yín sọ, ìṣẹ́jú méjì fún ẹnìkan. Ẹ gbàdúrà látinú rẹ̀, kí oníkálùkù sì mú ohun kan tó máa ṣe kó tó di ọjọ́ Àìkú. Ọ̀nà àtijọ́ ni: Guigo Kejì, mọ́ńkì kan ní ọ̀rúndún kejìlá, ló to àkàsọ̀ mẹ́rin rẹ̀, kíkà, ríronú, àdúrà, ìdúró níwájú Ọlọ́run; Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún sì rán wa létí ní 2010 pé kò tíì parí bí kò bá dé ìṣe. Póòpù yìí kan náà ló wá sí Wìdà ní Oṣù Kọkànlá 2011 tó fọwọ́ sí ìwé tó kọ sí Áfíríkà.

Ohun tó ń ba ìpàdé yìí jẹ́ ni ẹni tó mọ̀wé jù tó sọ ọ́ di ìwàásù, àti àwọn tó ń sọ pé “ọ̀rọ̀ yìí bá lágbájá wí.” Kí olùdarí rọra dá wọn padà: kí ni ó bá ìwọ wí? Bí ẹ bá fẹ́ ka kíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lálẹ́ kan, kò sí èyí tó máa wọlé. Ẹ fi ohùn ka Ìhìnrere ránṣẹ́ lórí WhatsApp fún àwọn tí kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n kí ó má gba ipò ìpàdé.

Ní abúlé tí àlùfáà kò lè dé lọ́jọ́ Àìkú, katikíìsì ló ń darí ìsìn Ọ̀rọ̀. Ìwé tí wọ́n fi ń ṣe é ní ìlú ló yẹ kó dé ọwọ́ tiwọn náà, ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn àlùfáà àti ìgbìmọ̀ ìjọ kò ju ewé ìwé kan lọ: kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn Mísà, kí ó ní kíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní nọ́ńbà Bíbélì Yorùbá. Ọdún B máa bẹ̀rẹ̀ ní 29 Oṣù Kọkànlá 2026, ọjọ́ Àìkú kìíní Àdífẹ́ǹtì, àsìkò tí a fi ń múra de Kérésìmesì, kíkà kìíní rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń dani rú. Ìwé Faransé á kọ Àìsáyà 63:16b-17, 19b, 64:2b-7 (b ni ìdajì kejì ẹsẹ). Nínú Bíbélì Yorùbá, ẹ lọ sí 63:16b-17, lẹ́yìn náà 64:1 àti 3b dé 8. Sáàmù rẹ̀, tí wọ́n pè ní 79, wà ní 80.

Àwọn òǹkàwé Mísà Yorùbá,
Kétu