Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù kí a fi ọṣẹ wò ó: ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa nílùú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ kú ọjà, ẹ kú ooru.

Mo mọ̀ pé inú ń bí àwọn kan nínú yín sí wa. Tẹ́lẹ̀, ẹ óò sọ ìgò gáàsì òfìfo kalẹ̀, ẹ óò gbé èyí tó kún, ẹni tó fi zém gbé yín wá ò tilẹ̀ ní í sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà rẹ̀ tí ẹ ó fi lọ. Ní báyìí, ọmọ ìsọ̀ wa á ní kí ẹ dúró ná, á po ọṣẹ sínú ike, á sì máa bi yín léèrè bí ọlọ́pàá. Ìyá kan láti Djassin sọ ọ́ lójú mi pé ìgbéraga ti wọ ìsọ̀ wa. Ẹ má bínú, ìyá mi. Nǹkan kan ló fà á.

Ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, oníbàárà wa àtijọ́ kan gbé ẹjọ́ wá pé gáàsì tí òun ń rà kì í pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ́, pé a ti ń rẹ́ òun jẹ. Mo gbé ìgò kílò 12,5 tó fẹ́ gbé lọ sórí òṣùwọ̀n níṣojú rẹ̀, mo yọ ìwọ̀n ìgò tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀ kúrò, ó pé. Ni mo bá tẹ̀ lé e délé. Nígbà tí mo fi kànrìnkànrìn ọṣẹ pa rọ́bà tó ń gbé gáàsì lọ sídìí ààrò rẹ̀, níbi tó ti wọnú détendeur, irin tí a ń dì mọ́ orí ìgò, ọṣẹ náà ń yọ hóhó wẹ́wẹ́ bí ojú ẹja kékeré. Bí ọ̀kan ti ń bẹ́ ni òmíràn ń yọ. Mo ti ara rọ́bà náà síwá sẹ́yìn, àṣé ó ti sán bíi gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́. Owó rẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ jáde. Ó ní òun ti ń gbóòórùn kan, ṣùgbọ́n òun rò pé òkú èkúté ni, ọjọ́ méjì ni òun fi wá a lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù! Gáàsì fúnra rẹ̀ ò ní òórùn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi òórùn burúkú yẹn sí i ni, kí imú wa lè ta wá lólobó.

Ó pààrọ̀ rọ́bà. Ìgò rẹ̀ ń lò ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ báyìí. Ó ní àwa la wá pàdánù.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé gáàsì tí à ń tà wúwo tó ìlọ́po méjì afẹ́fẹ́. Bó bá ń jò, kì í gòkè lọ bá fèrèsé, ilẹ̀ ló ń bá lọ bí omi, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá, á dúró lábẹ́ ibùsùn tí ọmọ sùn sí. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ yàrá sí ọ̀nà 100, tí gáàsì gba nǹkan bí ọ̀nà 2 péré nínú rẹ̀, iná ti lè mú un. Nítorí náà, bí ẹ bá gbóòórùn, ẹ ti orí ìgò pa, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kí ẹ kó ọmọ jáde. Ẹ má tẹ iná, yálà láti tàn án tàbí láti pa á. Ẹ má tan fáànù pé kó gbé òórùn lọ. Ìta ni kí ẹ ti tẹ àwọn panápaná láago ní 118. Ẹni tó bá ṣá ìṣáná láti fi wá ibi tó ń jò, kí n má sọ ohun tó ń wá gan-an.

Àwọn tó ń fi zém gbé ìgò ní ìdùbúlẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e dúró. Omi ni gáàsì inú ìgò. Bó bá dúró, atẹ́gùn orí omi náà ló ń jáde. Bó bá dùbúlẹ̀, omi fúnra rẹ̀ á wá sẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ lítà kan omi yẹn ń di atẹ́gùn tó lé ní 200 lítà. Ìdí kan náà ni a kì í fi í dorí ìgò kodò torí gáàsì tó kù sísàlẹ̀.

Àwọn tó ń bẹ̀ wá pé kí a da gáàsì láti ìgò ńlá sí kékeré, a ò ní í ṣe é. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é, pé ó dín lówó. Ìgò tí wọ́n rọ kún dẹ́nu ò ní àyè tí omi inú rẹ̀ máa wú sí nígbà tí oòrùn bá pa á.

Ẹ̀yin tó ń lo ìgò kílò 6 tí iná wà lórí rẹ̀ tààrà, ẹ ò ní rọ́bà gígùn, ṣùgbọ́n rọ́bà roboto kan wà lẹ́nu ibi tí ẹ ti ń dì í, ẹ máa wò ó. Ìkòkò ìnáwó kì í ṣe ẹrù rẹ̀ rárá; ẹ wá yá ààrò lọ́wọ́ wa.

Láti ìsinsìnyí, bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú rọ́bà yín dání. Ọdún tí ó yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ wà lára èyí tó bá dára. Bó bá ti sán, a ò ní í bá yín dì í. A ò ní kí ẹ ra tiwa dandan o. Ẹ rà á níbi tó wù yín, kó ṣáà jẹ́ rọ́bà gáàsì, kó má jẹ́ rọ́bà omi. Ẹni tí kò lè gbé e wá, kó rán ọmọ sí wa lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn aago mẹ́rin, a ó wá fi ọṣẹ wò ó nílé, a ò gba kọ́bọ̀.

Èmi ni,
Ìyá oní-gáàsì yín, lẹ́bàá ọjà Ouando