Bo Jackson tó o bi mí

Gbénga ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni Birmingham ní Alabama, l'Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, báwo lòtútù? Gbogbo ilé ń kí ẹ, màámi ní kó o má fiṣẹ́ pa ara ẹ o.

O bi mí pé ta ni Bo Jackson táwọn ará ibi iṣẹ́ ẹ ń pariwo ẹ̀. Háà! Agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ó tún gbá béésíbọ́ọ̀lù, èyí tí wọ́n ń figi gbá. Bessemer tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbẹ̀ yẹn ni wọ́n bí i sí ní 1962, ọmọ kẹjọ nínú mẹ́wàá, ìyá nìkan ló ń tọ́ wọn, oúnjẹ gan-an kì í tó wọn jẹ. Ní 1982, bó ṣe ń parí sẹ́kọ́ńdírì, New York Yankees ní kó wá máa gbá béésíbọ́ọ̀lù fáwọn, owó ńlá ni, ó lóun ò ṣe, ìyá òun fẹ́ kóun lọ yunifásítì. Ó bá gba Yunifásítì Auburn lọ, ní Alabama níbẹ̀ náà.

Ọdún yẹn náà, ní pápá Legion Field, ní Birmingham tó o wà yẹn, Auburn pàdé Yunifásítì Alabama nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, àwọn tó ti ń nà wọ́n fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko. Alabama ní 22, Auburn ní 17, àsìkò ti fẹ́ tán, ó ku bíi yáàdì kan péré kí wọ́n débi àmì, ìgbìyànjú ìkẹyìn sì nìyẹn. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún Bo, àwọn géńdé ti kóra jọ dí gbogbo ọ̀nà pa, ọmọ náà ò tiẹ̀ wá àyè láàárín wọn rárá, ó fò gba orí gbogbo wọn kọjá! Auburn borí, 23 sí 22. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti wo fídíò yẹn.

Kì í ṣe bọ́ọ̀lù yẹn nìkan o, ó tún ń sáré 100 mítà dé ìpele pé ó yege fún ìdíje àpapọ̀ àwọn yunifásítì, ó tún ń gbá béésíbọ́ọ̀lù, ní 1985, nínú ìgbà mẹ́wàá tó bá dúró gbá a, ó ń gbá bíi mẹ́rin dáadáa, ọdún kan náà tó gbé bọ́ọ̀lù sáré 1,786 yáàdì tí wọ́n fún un ní Heisman, ife-ẹ̀yẹ tó ga jù fún agbábọ́ọ̀lù yunifásítì.

Ibi tó dùn mí ni 1986. Tampa Bay Buccaneers, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ń sanwó fágbábọ́ọ̀lù, fi ọkọ̀ òfúrufú gbé e wá wo ọ̀dọ̀ wọn, Bo ní wọ́n sọ fóun pé kò lòdì sófin eré yunifásítì, àṣé ó lòdì, bí wọ́n ṣe yọ ọ́ kúrò nínú béésíbọ́ọ̀lù yunifásítì nìyẹn ní ọdún tó kẹ́yìn ẹ̀. Buccaneers yẹn náà tún wá mú un ṣe ẹni àkọ́kọ́ nínú gbogbo àwọn ọmọ yunifásítì táwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù yàn lọ́dún náà, ó kọ̀ jálẹ̀, ó gba owó tó kéré síyẹn lọ́dọ̀ Kansas City Royals, ẹgbẹ́ béésíbọ́ọ̀lù. Ó ṣe é re jàre, èmi náà ò ní lọ.

Ṣùgbọ́n èyí tó wú mi lórí jù, nígbà tó ti lókìkí tán, ó padà sí Auburn lọ parí ìwé tó fi sílẹ̀, ó gba dìgírì ẹ̀ ní 1995. Ìyá ẹ̀ ti kú ní 1992, kò sẹ́ni tí ì bá bi í léèrè mọ́ tó bá pa á tì, síbẹ̀ ó parí ẹ̀.

Lọ́jọ́ tó o bá ráyè, bá mi ya fọ́tò Legion Field, kó o sì bi àwọn àgbà ibi iṣẹ́ ẹ bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn wà ní pápá lọ́jọ́ náà. Mò ń retí èsì ẹ.

Èmi ọ̀rẹ́ ẹ