Ta ni yóò rì páìpù méjì sí òpópónà kan?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà ẹnì kan nínú ìwé ìròyìn yín pé kí ìjọba pín iṣẹ́ omi fún àwọn aládàáni, kí wọ́n máa bá ara wọn díje, owó omi yóò sì wálẹ̀. Ó dùn-ún gbọ́ létí. Oúnjẹ ni mò ń sè tà ní Kábà, mo sì mọ iye tí omi ń gbà lọ́wọ́ mi. Àwọn tó ni kànga ẹ̀rọ pọ̀ ládùúgbò wa. Síbẹ̀, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, tí iná ò sí, ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń fi owó lé kẹ́ẹ̀gì. Ìdíje dà níbẹ̀?

Wọ́n ta àwọn iléeṣẹ́ omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales fún aládàáni lọ́dún 1989. Páìpù méjì kò ṣeé rì sí òpópónà kan, nítorí náà iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní agbègbè tirẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi dá àjọ ìjọba kan tó ń jẹ́ Ofwat sílẹ̀, kó máa ṣọ́ iye tí wọ́n ń gbà. Ní 2017, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láǹfààní láti yan ẹni tí yóò máa gba owó omi lọ́wọ́ wọn. Scotland ti ṣe tiwọn ní 2008. Omi inú páìpù kan náà ni o! Àwọn onílé ò sì lè yàn. Paris ní tirẹ̀ gba iṣẹ́ omi padà sọ́wọ́ ìlú ní 2010.

Kí ìjọba Kogi tó fa omi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ yan ẹni tí yóò máa yẹ omi àti owó rẹ̀ wò, tí a lè fẹjọ́ sùn ní Kábà níbí, kì í ṣe Lọ́kọ́ja.

Èmi ni,
Ìyá olóúnjẹ, Kábà