Ẹ̀sùn lórí ọkọ̀ tó ń yìnbọn, àti lórí òṣìṣẹ́ yín tó já fóònù mọ́ mi létí

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Iléeṣẹ́ Àtúnṣe Ọkọ̀.

Ọ̀gá,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò ní ro ìtàn ọkọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, torí gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín: irú ọkọ̀ tó jẹ́, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e wá, ohun tí ẹ pààrọ̀, iye tí ẹ gbà. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé iwájú tábìlì yín ni ẹni tó jókòó síbẹ̀ máa ń ní kí n tún un sọ, àfi bí ẹni pé wọn ò rí mi rí. Ó ti sú mi. Ẹ ṣí fáìlì.

Kì í ṣe pé ọkọ̀ ń yìnbọn, ìyẹn ni pé ó ń dún gbàù bí ìbọn, ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo kábúrétọ̀, ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì, lè yìnbọn, kì í ṣe òní ni mo ti ń wà á. Òṣìṣẹ́ yín tó gbé fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá ló mú mi kọ ọ́. Mo kí i, mo dárúkọ ara mi, mo ní ẹlẹ́rọ àgbà yín ló ní òun máa pè mí padà, mi ò sì gbóhùn ẹ̀ láti ìgbà náà. Ó ní, "Ọkọ̀ yín ti gbó, sà. Ẹ tà á fún àwọn onírin." Mo ní ṣé èsì iléeṣẹ́ nìyẹn. Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Kí n tó tún la ẹnu, ó ti já fóònù mọ́ mi létí.

Ọ̀gá, ẹ dákun, lọ́jọ́ tí ẹ ń gba owó kábúrétọ̀ tuntun lọ́wọ́ mi, ṣé ọkọ̀ yìí ò tíì gbó lọ́jọ́ náà ni?

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹnì kan ṣoṣo lọ́dọ̀ yín tó bi mí pé ibo ni ìbọn náà ti ń dún. Ìbéèrè tí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ máa kọ́kọ́ bi onímọ́tò nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn, nínú sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde, epo tí kò jóná tán nínú ẹ́ńjìnnì ló lọ gbiná síbẹ̀: ó lè jẹ́ pé epo ń pọ̀ jù, ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn pílọ́ọ̀gì tó ń taná sí epo kì í taná dáadáa, ó sì lè jẹ́ pé sàlẹ́ńsà ń jò tí atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé. Tó bá jẹ́ iwájú, lẹ́nu kábúrétọ̀, atẹ́gùn ló pọ̀ ju epo lọ, tàbí kí táímììnì, ìyẹn àsìkò tí pílọ́ọ̀gì ń taná, ti yẹ̀, tàbí kí wọ́n ti so wáyà pílọ́ọ̀gì kan sí ipò òmíràn, tàbí kí fáàfù tí epo ń gbà wọlé má máa pa dé. Ohun tó fa tibí kọ́ ló fa tọ̀hún. Èmi tí mi ò ṣe mẹkáníìkì rí mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ wá, ẹ̀yìn ló ti ń dún, ó sì jẹ́ ìgbà tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tí mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù nìkan. Mo fẹnu sọ ọ́. Mo tún fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù yín, ní ibi tí ẹ kọ "àlàyé oníbàárà" sí. Èsì tí ẹ fún mi ni pílọ́ọ̀gì. Nígbà tí pílọ́ọ̀gì ò ṣe é, ó kan kọ́ìlì tó ń gbé iná fún pílọ́ọ̀gì. Nígbà tí kọ́ìlì ò ṣe é, ẹ ní kábúrétọ̀ ni. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí àwọn pílọ́ọ̀gì tí wọ́n yọ, torí ojú pílọ́ọ̀gì máa ń sọ tinú ẹ́ńjìnnì: tó bá funfun, epo ò tó, tó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, epo ti pọ̀ jù. Wọ́n ní àwọn ti dà wọ́n nù. Kábúrétọ̀ àtijọ́ ńkọ́? "Ó wà ní sítọ̀." Ó ṣì wà ní sítọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo lérò pé ẹ ò ní gba owó ilé lọ́wọ́ mi lórí ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo gbé ọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín pẹ̀lú kábúrétọ̀ tuntun, mi ò tíì rìn jìnnà tí ìbọn fi bọ́ síwájú. Mo kàn tẹ tọ́tù láti ya ọkọ̀ kan sílẹ̀ ni, ó dún gbàù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ sì já agbára lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Iná tó ń tú jáde lẹ́nu kábúrétọ̀ rèé o, níbi tí epo wà. Mo yí padà síbi tí ẹ wà. Ẹlẹ́rọ àgbà yín ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó dúró, ó fọwọ́ sápò, ó ní ariwo àtẹ̀yìnwá náà ni, kí n ní sùúrù, pé kábúrétọ̀ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ẹ́ńjìnnì lára ni. Ó ní kí n máa lọ sílé, òun á pè mí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilẹ̀ ṣú, ó mọ́, ó tún ṣú.

Bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi pooyì nìyẹn. Àwọn tó wà níwájú ní kí n lọ bá àwọn tó wà ní gáréèjì. Àwọn gáréèjì ní àwọn ò lè fọwọ́ kàn án láìsí fọ́ọ̀mù tuntun. Akọ̀wé owó ní òun ò lè fún mi ní fọ́ọ̀mù tuntun àfi tí ẹlẹ́rọ àgbà bá fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́rọ àgbà ti lọ fún ìsinmi. Mo bi wọ́n pé ta ló wà nípò rẹ̀, wọ́n ní kò sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fúnra mi. Mi ò pẹ́ níbẹ̀ rárá. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ti ìdí kábúrétọ̀ lọ sára dísítíríbútọ̀ tó ń pín iná fún àwọn pílọ́ọ̀gì. Òun ni mo bá tó ń fì dirodiro, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbàgà, atẹ́gùn sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Lórí ìwé iṣẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín fún mi, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "a ti fi táímììnì láìtì ṣe táímììnì". Ó ṣe kedere. Ẹni tó bá fẹ́ fi iná yẹn ṣe táímììnì máa ń yọ rọ́bà yìí, á dí ẹnu rẹ̀, tó bá sì parí á dá a padà. Èèyàn yín yọ ọ́, kò dá a padà, ó sì ti bọ́nẹ́ẹ̀tì lé e lórí. Mo tan ọkọ̀, mo jẹ́ kó wà ní sìlóò láìtẹ tọ́tù, ó ń gbọ̀n, ó ń fẹ́ kú. Mo fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà náà. Ó fà mí lọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì sì dúró ṣinṣin lójú ẹsẹ̀. Mo mú ọwọ́ kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo tẹ̀ ẹ́ bọ ẹnu dísítíríbútọ̀ padà, ìbọn iwájú sì dákẹ́ látìgbà náà. Ohun tí mo ń gbà jẹ èébú lórí fóònù nìyẹn o: rọ́bà tí kò gùn tó ọwọ́ mi!

Ìbọn ẹ̀yìn kò tíì lọ. Bó ṣe wà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e wá ló ṣe wà. Níbi tí páìpù sàlẹ́ńsà ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, èéfín ti ya ìlà dúdú yípo gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí ojú ìsopọ̀ náà, ẹni tó bá tẹ̀ ba á rí i láìlo tọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ló ń jò. Kò kan pílọ́ọ̀gì, kò kan kọ́ìlì, kò kan kábúrétọ̀ tí ẹ̀ ń fi pamọ́ sí sítọ̀. Mẹkáníìkì mìíràn ló máa pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì náà fún mi. Ẹ má da ara yín láàmú.

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Ẹ dá owó kọ́ìlì àti ti kábúrétọ̀ padà, pẹ̀lú owó iṣẹ́ tí ẹ gbà lórí méjèèjì. Ẹ fún mi ní kábúrétọ̀ mi àtijọ́ bí mo ṣe gbé e wá, láìyọ jẹ́ẹ̀tì kankan, ìyẹn ihò kékeré tí epo ń gbà, nínú ẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ tó ní kí n tà á fún àwọn onírin kọ̀wé tọrọ àforíjì, kó sì bu ọwọ́ lù ú. Ẹ má fi ẹ̀dínwó àbẹ̀wò tó ń bọ̀ lọ̀ mí, torí kò sí àbẹ̀wò kankan tó ń bọ̀.

Ọjọ́ 7 ni mo fún yín láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ìwé iṣẹ́ yín wà lọ́wọ́ mi, fọ́tò rọ́bà náà bí mo ṣe bá a kí n tó fọwọ́ kàn án wà lọ́wọ́ mi, ìpè ọjọ́ Ajé sì wà lórí fóònù mi tẹ̀rín tẹ̀rín. Tí ọjọ́ 7 bá pé tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, agbẹjọ́rò mi ló máa kọ lẹ́tà kejì, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà á sì gba ẹ̀dà tirẹ̀.

Ẹ má pè mí lórí fóònù. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.